Ìtàn Ìbupá Ikọ́ Ife: Bí Ó Ti Ń Dáàbò Bo Ọmọ Wa, àti Bí Ó Ti Ń Pẹ́ Tó



Ọ̀rọ̀ tí a ní láti bá yín sọ lónìí kì í ṣe àjèjì sí ilé ẹnikẹ́ni nínú wa ní Ìjẹ̀gùn yìí. Kò sí abiyamọ tí ó bímọ sí ilé ìwòsàn tí kò mọ̀ pé a ó gún ọmọ náà ní abẹ́rẹ́ kékeré kan ní apá òsì. Pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ojú ibẹ̀ yóò wú, yóò di egbò kékeré, yóò jinná, yóò sì fi àpá sílẹ̀. Àwọn ìyá mọ àpá yìí dáadáa. Wọn a máa fi í hàn bí ẹni tí ń fi ìwé ẹ̀rí hàn. Bí a bá bi wọ́n léèrè pé kí ni iṣẹ́ rẹ̀, wọn yóò dáhùn pé abẹ́rẹ́ ikọ́ ife ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tún bi wọ́n pé, ọdún mélòó ni abẹ́rẹ́ náà yóò fi ṣọ́ ọmọ yìí, níbẹ̀ ni ohùn ti ń yàtọ̀. Àwọn kan ní títí ọjọ́ ikú ni. Àwọn mìíràn, tí wọ́n ti rí ọ̀dọ́ tí ó ní àpá lápá tí ikọ́ ife sì tún mú, ní asán ni abẹ́rẹ́ náà. Èrò méjèèjì ni ó léwu, ìtàn sì fi hàn pé kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú wọn.

Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ tọ ìtàn abẹ́rẹ́ yìí láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wá títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, kí a lè mọ ohun tí ó lè ṣe, àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún arọ náà pé odi ìlú kò lè wó láéláé, nígbà tí odi náà ti ń lanu, a kò ràn án lọ́wọ́.

Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni Ìjẹ̀gùn, oko ni ó sì yí i ká fún ìgbà pípẹ́. Lónìí, Èkó ti gbòòrò títí ó fi gbé wa mì. Nínú ìkànìyàn ọdún 2006, iye ènìyàn tí a kà ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímòṣọ́, níbi tí a wà yìí, jẹ́ 1,277,714. Níbi tí ilé ti fara kan ilé, tí ìdílé odidi ń sùn sínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kò tó, tí a sì ń fún ara wa mọ́ inú ọkọ̀ láti Ìkọ̀tún lọ sí ẹnu iṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ikọ́ ife ti ń rí oúnjẹ jẹ. Ní ọdún 2023, gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á, nǹkan bí mílíọ̀nù 10.8 ènìyàn ni àrùn yìí mú ní gbogbo ayé, ó sì pa mílíọ̀nù 1.25. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó mú, ó lé ní mẹ́rin tí ó jẹ́ ará Nàìjíríà. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ọ̀tá náà. Fún ìgbà pípẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí ń fa ikọ́ ife. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní inú ẹ̀jẹ̀ ìdílé ni ó ti ń wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn kan láàrin wa ti ń wí títí di òní. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹta ọdún 1882, Robert Koch, oníṣègùn ará Jámánì, dìde ní Berlin, ó sì kéde pé òun ti rí kòkòrò tí ń fà á, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Ẹni tí kòkòrò yìí wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ a máa tú u sí afẹ́fẹ́ nígbà tí ó bá ń wúkọ́, tàbí tí ó bá ń sọ̀rọ̀, tàbí tí ó bá ń kọrin. Ẹni tí ó bá mí afẹ́fẹ́ náà símú ni ó ń gbà á. Kì í ṣe èpè, kì í ṣe àsáàsí, kì í sì í ṣe ogún ìdílé.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó gba kòkòrò náà sára ni ó ń ṣàìsàn. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbàlagbà, ara a dè é mọ́lẹ̀, yóò sì sùn síbẹ̀ fún ọdún pípẹ́, bóyá títí ayé wọn. Bí ó bá jí, inú ẹ̀dọ̀fóró ni ó sábà máa ń jà, láti ibẹ̀ ni yóò sì ti máa ran ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n ara ìkókó kò tíì mọ ogun jà. Nínú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, pàápàá jù lọ èyí tí kò tíì pé ọdún 2, kòkòrò náà lè já wọ inú ẹ̀jẹ̀ kí ó sì tàn ká gbogbo ara, tàbí kí ó lọ bá awọ tí ó bo ọpọlọ jà. Irú méjì yìí ni ó burú jù. Wọ́n a máa pa ọmọ kíákíá. Èyí tí kò bá sì kú nínú wọn lè di adití, tàbí afọ́jú, tàbí arọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìyàtọ̀ yìí sọ́kàn: àìsàn kan wà tí ń pa ìkókó, òmíràn sì wà nínú ẹ̀dọ̀fóró àgbàlagbà tí ó fi ń ràn kálẹ̀. Gbogbo ohun tí a ó sọ lẹ́yìn èyí rọ̀ mọ́ ìyàtọ̀ náà.

Kí ikọ́ ife tó ní abẹ́rẹ́ tirẹ̀, ìlú wa ti mọ ìbupá. Ìgbóná ni a kọ́kọ́ ń bupá fún, àrùn tí àwọn baba wa bẹ̀rù láti dárúkọ. Edward Jenner ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ìbupá ìgbóná lélẹ̀ ní ọdún 1796. Ní Èkó níhìn-ín, Dókítà Oguntola Sapara, ẹni tí a bí ní ọdún 1861, fura sí àwọn aborẹ̀ Ṣọ̀pọ̀ná pé wọ́n ń tan àrùn náà ká. Ó wọ ẹgbẹ́ wọn láti mọ àṣírí wọn, ìjọba sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà ní ọdún 1917. Nígbẹ̀yìn, ìbupá ṣẹ́gun ìgbóná pátápátá. Ọdún 1970 ni a rí aláìsàn rẹ̀ ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní ọdún 1980 sì ni a kéde pé ó ti tán láyé.

Ìṣẹ́gun ńlá yìí ni ó kọ́ àwọn òbí wa pé ẹni tí ó ti ní àpá lápá ti bọ́. Nígbà tí abẹ́rẹ́ ikọ́ ife dé, tí òun náà sì ń fi àpá sílẹ̀, kò ṣòro láti gbé ìgbàgbọ́ kan náà lé e lórí. Ṣùgbọ́n àpá méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọra lójú. Kódà ìbupá ìgbóná pàápàá, a ní láti máa tún un ṣe lẹ́yìn ọdún mélòó kan.

Ẹ jẹ́ kí a wá lọ sí ibi tí a ti ṣe ti ikọ́ ife. Ní ọdún 1908, ní ìlú Lille ní ilẹ̀ Faransé, Albert Calmette, tí í ṣe oníṣègùn, àti Camille Guérin, tí í ṣe oníṣègùn ẹran, mú kòkòrò ikọ́ ife ti màlúù. Wọ́n gbìn ín sórí ọ̀dùnkún òyìnbó tí a sè pẹ̀lú òróòro màlúù; ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń ṣí i nípò lọ sórí òmíràn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Díẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú ni oró ń jáde kúrò lára kòkòrò náà. Ogun Àgbáyé Kìíní dé, àwọn ọmọ ogun Jámánì gba ìlú Lille, síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò dúró. Ọdún 13 ni wọ́n fi ṣe é, ìgbà 230 ni wọ́n sì ṣí i nípò, títí kòkòrò náà kò fi lè fa ikọ́ ife lára ẹran mọ́. Nínú orúkọ àwọn méjèèjì ni a ti yọ orúkọ tí a ń pè é títí di òní, B.C.G.

Ní oṣù keje ọdún 1921, a bí ọmọ kan ní Paris. Ikọ́ ife pa ìyá rẹ̀ ní kété lẹ́yìn ìbí, ìyá àgbà tí yóò tọ́ ọ dàgbà sì ní àrùn náà pẹ̀lú. Benjamin Weill-Hallé àti Raymond Turpin fi B.C.G. sí ọmọ náà lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ kan wà ní èdè wa, àjẹsára, èyíinì ni ohun tí a jẹ tí ó sì jókòó sínú ara láti dáàbò boni. Àjẹsára gan-an ni ti ọmọ yìí, nítorí pé ẹnu ni ó gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ni a yí i padà sí abẹ́rẹ́ awọ ara. Ọmọ náà yè, ikọ́ ife kò sì mú un. Láàrin ọdún 1924 sí 1928, ó lé ní 100,000 ìkókó tí a fún ní ilẹ̀ Faransé.

Ṣùgbọ́n ìtàn òtítọ́ kì í fi ibi tí ó korò pamọ́. Ní ìlú Lübeck ní Jámánì, láti ìparí ọdún 1929 wọ ọdún 1930, a fún ìkókó 251 ní ohun tí a pè ní B.C.G. Àwọn 72 nínú wọn kú. Àwọn 135 mìíràn ṣàìsàn wọ́n sì gbádùn, àwọn 44 tí ó kù kò ṣàìsàn. Nígbà tí a wádìí, a rí i pé ní ilé ìpoògùn tí ó wà ní ìlú náà ni a ti jẹ́ kí kòkòrò ikọ́ ife gidi, tí oró rẹ̀ pé, dàpọ̀ mọ́ oògùn. Kì í ṣe kòkòrò Calmette ni ó pa àwọn ọmọ náà, àìṣọ́ra ènìyàn ni. A dá oníṣègùn méjì lẹ́bi ní ilé ẹjọ́ ní ọdún 1932. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ọmọ nítorí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó mọ̀ pé láti inú ìbànújẹ́ wọ̀nyí ni òfin líle lórí pípo àti pípa irú oògùn bẹ́ẹ̀ mọ́ ti wá.

Nísinsìnyí ni a dé orí ìbéèrè wa gan-an. Ọmọ kan yè ní Paris, ṣé B.C.G. ni ó gbà á, tàbí yóò ti yè láìgbà á? Kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ nípa wíwo ọmọ kan. Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ajílẹ̀ tuntun dára kì í dà á sí gbogbo oko. A fi sí ẹbè kan, a fi ẹbè kejì sílẹ̀ lórí ilẹ̀ kan náà àti lábẹ́ òjò kan náà, a sì dúró di ìgbà ìkórè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àwọn oníṣègùn ṣe. Wọ́n pín àwọn ènìyàn sí ọ̀nà méjì, wọ́n bupá fún apá kan, wọn kò bupá fún apá kejì, wọ́n sì ń kà wọ́n láti ọdún dé ọdún. Ìkórè irú oko yìí kì í yá: ogún ọdún ni, nígbà mìíràn ọgọ́ta.

Láàrin ọdún 1935 sí 1938, Joseph Aronson bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò yìí láàrin àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti ní Alaska, nǹkan bí 3,000 ènìyàn, láti orí ìkókó dé orí ọ̀dọ́. Ní ọdún 2004, nígbà tí ó ti tó ọgọ́ta ọdún, a ṣí ìwé wọn wò. Níbi tí 100 ìbá ti ṣàìsàn láìbupá, 48 ni ó ṣàìsàn nínú àwọn tí a bupá fún. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1950, a kó ó lé ní 54,000 ọmọ ọdún 14 sí 15 tí wọ́n fẹ́ jáde ilé ẹ̀kọ́ wọ inú ìdánwò, a sì tọ̀ wọ́n lẹ́yìn fún ogún ọdún. Níbẹ̀, níbi tí 100 ìbá ti ṣàìsàn, 23 péré ni ó ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí èyí: ààbò náà ga jù lọ ní ọdún 5 àkọ́kọ́, ó sì ń dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Bẹ́ẹ̀ ni agbára abẹ́rẹ́ yìí kò dúró lójú kan.

Ayọ̀ àwọn oníṣègùn pọ̀, títí ìròyìn fi dé láti ilẹ̀ tí oòrùn rẹ̀ mú bí tiwa. Ní ọdún 1968, ìjọba Íńdíà àti Àjọ Ìlera Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní Chingleput, lẹ́bàá ìlú tí a ń pè ní Madras nígbà náà. Ó tóbi ju gbogbo èyí tí a ti ń ṣe bọ̀ lọ, nítorí pé ó lé ní 260,000 ènìyàn tí ó wọ inú rẹ̀. Ní ọdún 1979 a kọ́kọ́ sọ àbájáde rẹ̀, ní ọdún 1999 a sì sọ ti ọdún 15 àtẹ̀lé: lọ́dọ̀ àwọn àgbàlagbà, B.C.G. kò dènà ikọ́ ife ẹ̀dọ̀fóró rárá. Ẹnu ya gbogbo ayé. Báwo ni oògùn kan ṣe lè gba ọ̀pọ̀ ènìyàn là ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí ó sì di omi lásán ní Íńdíà?

Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fara mọ́ ni èyí. Kòkòrò ikọ́ ife ní àwọn ìbátan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ènìyàn ní ibi, inú ilẹ̀ àti inú omi ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì pọ̀ ní ilẹ̀ gbígbóná. Ẹni tí ó bá dàgbà láàrin wọn, ara rẹ̀ ti bá wọn pàdé kí a tó bupá fún un. Nígbà tí B.C.G. bá dé lẹ́yìn wọn, kò tún fi bẹ́ẹ̀ rí iṣẹ́ ṣe mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí kòkòrò ikọ́ ife gan-an ti wọ̀ lára kí a tó gún un: a ti ilẹ̀kùn nígbà tí olè ti wà nínú ilé. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Nítorí èyí ni ó fi jẹ́ pé ní ilẹ̀ bíi tiwa, ọmọ tuntun ni a ń bupá fún, ní kété tí ó bá ti dé ayé, kí ilẹ̀ àti omi àti ikọ́ ará ilé tó bá a pàdé.

Kí ni a wá rí lára àwọn ọmọ tí a bupá fún ní ìbẹ̀rẹ̀ ayé wọn? Ibí yìí ni ìtàn ti fún wa ní ìdùnnú. Ní ọdún 2006, Trunz, Fine àti Dye kó gbogbo ìwádìí tí ó wà lórí irú àìsàn méjì tí ń pa ìkókó jọ. Níbi tí 100 ọmọ ìbá ti ní èyí tí ń bá awọ ọpọlọ jà, 27 ni ó ní i nínú àwọn tí a bupá fún. Níbi tí 100 ìbá ti ní èyí tí ń tàn ká inú ẹ̀jẹ̀, 23 ni ó ní i. Wọ́n ṣírò pé nínú nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọmọ tí a bupá fún ní ọdún 2002, abẹ́rẹ́ náà yóò dènà nǹkan bí 30,000 àìsàn awọ ọpọlọ àti nǹkan bí 11,000 irú kejì, kí àwọn ọmọ náà tó pé ọdún 5. Bí a bá ro iye ìyá tí èyí mú kúrò nínú ọ̀fọ̀, a kò ní fi ẹnu kékeré sọ pé asán ni abẹ́rẹ́ yìí.

Ní ọdún 2022, ìwádìí mìíràn jáde, èyí tí Leonardo Martinez àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe. Wọ́n wo àwọn tí wọ́n bá ẹni tí ó ní ikọ́ ife gbé pọ̀ tàbí tí wọ́n sún mọ́ ọn, láti orílẹ̀-èdè 17. Lọ́dọ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, abẹ́rẹ́ ìgbà ìbí dín ikọ́ ife kù: níbi tí 100 ìbá ti ṣàìsàn, nǹkan bí 63 ni ó ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn tí ó ti lé ní ọdún 10, wọn kò rí ààbò kankan mọ́ tí a lè tọ́ka sí. Òtítọ́ ni pé ní àwọn ilẹ̀ tútù tí ikọ́ ife kò ti pọ̀, ìwádìí ti rí ààbò tí ó tó ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pàápàá lára àwọn tí a bupá fún nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń gbé Ìjẹ̀gùn kò gbọdọ̀ fi aṣọ tí a rán fún ará òtútù ṣe ìwọ̀n ara rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn ìbéèrè wa nìyí: abẹ́rẹ́ ọmọ tuntun jẹ́ ẹ̀ṣọ́ rere fún ìkókó àti ọmọ kékeré, ní àkókò tí ikọ́ ife lè pa á kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ tí ó ń rẹ̀ ni. Nígbà tí ọmọ náà bá fi di ọ̀dọ́, tí ó ń jáde lọ kọ́ṣẹ́ tàbí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga, kò yẹ kí a tún gbẹ́kẹ̀ lé àpá apá rẹ̀.

Ẹnìkan lè béèrè pé, bí ó bá ń rẹ̀, èé ṣe tí a kò tún un ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti ń tún ti ìgbóná ṣe? A ti dán an wò. Ní Karonga ní ilẹ̀ Màláwì, a tún abẹ́rẹ́ náà gún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn láti ọdún 1986; àbájáde rẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1996, fi hàn pé abẹ́rẹ́ kejì kò fi ohunkóhun kún ààbò sí ikọ́ ife, bí ó tilẹ̀ dín àrùn ẹ̀tẹ̀ kù. A tún dán an wò lára àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Brazil, àǹfààní rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí a gún un. Kódà bí àpá kò bá hàn lára ọmọ tí a mọ̀ pé ó ti gbà á, kí a má ṣe tún un gún.

Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ti rí ní orílẹ̀-èdè tiwa? Ní ọdún 1979 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò gbogbogbòò fún àjẹsára àwọn ọmọdé, B.C.G. sì wà lára rẹ̀. Láti ọdún 1985, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti di mínísítà ètò ìlera, iṣẹ́ náà ní agbára sí i. Oníṣègùn ọmọdé ni, ọmọ àlùfáà Áńgílíkà sì ni pẹ̀lú. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ìlera gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹnu ọ̀nà tálákà. Ṣùgbọ́n ìlọsíwájú náà kò dúró déédéé. Nínú ìwádìí ìdílé tí a ṣe ní gbogbo orílẹ̀-èdè ní ọdún 2018, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí ó wà láàrin ọdún kan sí méjì, 67 ni ó ti gba B.C.G. Àwọn 33 tí ó kù kò ní ẹ̀ṣọ́ rárá.

Ohun kan sì wà tí ń fa ìdádúró, tí ọ̀pọ̀ ìyá kò mọ ìdí rẹ̀. Inú ìgò kékeré ni oògùn náà ń wà ní gbígbẹ, ìgò kan sì tó fún nǹkan bí ogún ọmọ. Bí a bá ti pò ó, kò gbọdọ̀ ju wákàtí 6 lọ. Ohun tí ó bá kù, dídànù ni. Nítorí náà, bí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta péré bá dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn a lọ́ra láti ṣí ìgò; wọn a ní kí ìyá padà wá ní ọjọ́ tí àwọn ọmọ yóò pọ̀. Ìyá náà ro owó ọkọ̀, ó ro ara rẹ̀ tí kò tíì le. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ó di oṣù tí ń bọ̀. Èyí tí ó bí sí ilé ìyá ìbílẹ̀ tàbí sí ilé àdúrà tilẹ̀ lè má mọ ibi tí yóò gbé ọmọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tí ẹ̀ṣọ́ náà wúlò jù, ṣe ń kọjá lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin ìyá ìjọ, ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ bá aboyún wádìí ọjọ́ tí a ń ṣí ìgò kí ó tó bímọ. Bí a bá sì dá a padà lẹ́ẹ̀kan, ẹ bá a gbé ọmọ náà padà lọ.

Ọ̀rọ̀ tí ó kù jẹ́ ti ààbò tí abẹ́rẹ́ kò lè ṣe. A ti sọ pé àgbàlagbà ni ó ń ran ìkókó. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà kejì láti ṣọ́ ìkókó ni láti wo ikọ́ àgbàlagbà. Ẹni tí ó bá wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó má ṣe jókòó ti àgbo àti oògùn ikọ́ tí ń bẹ nínú ìgò; kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Ilé ìwòsàn ńlá ti Alímòṣọ́ wà ní Ìgándò, kò jìnnà sí wa. Bí ó bá jẹ́ ikọ́ ife, oògùn oṣù mẹ́fà wà fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba, bí ó bá sì lò ó pé yóò gbádùn. Kí a mú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 tí ń bá a gbé lọ fún àyẹ̀wò pẹ̀lú, nítorí pé oògùn ìdènà wà fún wọn, yálà wọ́n ní àpá lápá tàbí wọn kò ní. Àti pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí àpá ìgbà ìkókó sọ pé ikọ́ ọ̀dọ́ kan kò lè jẹ́ ikọ́ ife. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ kí àrùn náà rí àyè jẹ ẹ̀dọ̀fóró títí yóò fi pẹ́ jù.

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò káwọ́ lẹ́rán. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, a bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá ní South Africa lórí àjẹsára mìíràn, tí a ń pè ní M72, èyí tí a ṣe nítorí àwọn ọ̀dọ́ àti àgbàlagbà. Nínú ìdánwò tí ó ṣáájú rẹ̀ ní Kenya, South Africa àti Zambia, ó dín ikọ́ ife ẹ̀dọ̀fóró kù ní nǹkan bí ìdajì láàrin ọdún mẹ́ta. Bí ó bá yege, a ó ní ẹ̀ṣọ́ tí yóò gba ipò nígbà tí ti ìkókó bá rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú oko bẹ́ẹ̀, a ti sọ ọ́, ìkórè rẹ̀ kì í yá.

Títí di ìgbà náà, ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa kò kéré. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: abẹ́rẹ́ ni ti ọmọ tuntun, àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ sì ni ti àgbàlagbà tí ń wúkọ́. Ilé tí ó bá ṣe méjèèjì ti ṣe ohun tí ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún kọ́ wa. Ilé tí ó bá ṣe ọ̀kan tí ó sì fi ọ̀kan sílẹ̀, ó ti ti ilẹ̀kùn iwájú, ó sì ṣí ti ẹ̀yìn sílẹ̀ fún olè.